Wọ́ọ̀dù ni agbára wà ní Chicago: Bí kánsẹ́lọ̀ 50 ṣe ń ṣàkóso ìlú ńlá Amẹ́ríkà, àti ibi tí àlejò ti lè sọ̀rọ̀

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìṣèlú Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ààrẹ àti ti àwọn sẹ́nétọ̀ ló sábà máa ń gba ẹnu àwọn èèyàn kan. Ṣùgbọ́n bí iná ojú pópó bá kú níwájú ilé ẹnì kan nílùú Chicago, bí eku bá gba ẹ̀yìnkùlé mọ́ ọn lọ́wọ́, tàbí bí yìnyín bá dí ọ̀nà tí mọ́tò rẹ̀ kò fi ráyè jáde, kì í ṣe ààrẹ ni yóò wá tún un ṣe. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ní ọ́fíìsì kékeré ládùúgbò náà ni ẹjọ́ yóò kọ́kọ́ dé. Alderman ni wọ́n ti ń pe onítọ̀hún tipẹ́. Ọdún 2021 ni òfin ìpínlẹ̀ Illinois yí orúkọ náà padà sí alderperson, kí ó lè bá tọkùnrin tobìnrin mu. Ẹni tí à ń pè ní kánsẹ́lọ̀ nílẹ̀ wa ló fẹ́ bá a dọ́gba, àmọ́ agbára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti kánsẹ́lọ̀ wa lọ fíìfíì.

Orúkọ Chicago kì í ṣe àjèjì létí ọmọ Yorùbá. Ibẹ̀ ni Chicago State University wà, níbi tí Bọ́lá Ahmed Tinúbú, tó di ààrẹ Nàìjíríà lọ́dún 2023, ti gboyè lọ́dún 1979. Ibẹ̀ náà ni Barack Obama ti bẹ̀rẹ̀ ìṣèlú kó tó dé ipò ààrẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ọmọ Nàìjíríà, tí Yorùbá kò kéré nínú wọn, ti ń gbé láwọn àdúgbò bíi Uptown, Rogers Park àti South Shore. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ ló fi takisí wíwà gbọ́ bùkátà. Iye owó tí takisí gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́wọ́ èrò, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà ló ń fi òfin gbé e kalẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ìgbìmọ̀ yìí ń ṣe kò lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún yóò gbà wọlé tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe pín ìlú

Chicago ló ṣe ìkẹta nínú àwọn ìlú tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn New York àti Los Angeles. Ètò ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé èèyàn 2,746,388 ló ń gbé ibẹ̀. Láti ọdún 1923 ni wọ́n ti pín ìlú náà sí wọ́ọ̀dù 50, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń ṣojú fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ṣáájú àkókò yẹn, wọ́ọ̀dù 35 ló wà, èèyàn méjì méjì ló sì ń ṣojú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lóde òní, nǹkan bíi 55,000 èèyàn ló wà lábẹ́ kánsẹ́lọ̀ kan.

Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dìbò yan àwọn kánsẹ́lọ̀ àti méyọ̀, ìyẹn olórí ìlú, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn nínú oṣù Kejì. Orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kì í sí lára ìwé ìdìbò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ Democrat ló gbilẹ̀ nílùú ọ̀hún. Ọdún 1931 ni ọmọ ẹgbẹ́ Republican tó jẹ méyọ̀ kẹ́yìn níbẹ̀ kúrò nípò. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ní ju ìdajì gbogbo ìbò lọ, àwọn méjì tó léwájú yóò tún figagbága nínú oṣù Kẹrin. Bó ṣe rí lọ́dún 2023 nìyẹn. Èèyàn mẹ́sàn-án ló dupò méyọ̀, Lori Lightfoot tó wà lórí àlééfà sì já sí ipò kẹta. Paul Vallas àti Brandon Johnson ló kù, Johnson ló sì borí ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹrin, tí wọ́n búra fún un ní ọjọ́ 15, oṣù Karùn-ún, ọdún náà.

Àwọn kánsẹ́lọ̀ ló ń fọwọ́ sí ìṣúná owó ìlú, àwọn ló ń ṣòfin owó orí ilé àti ilẹ̀, àwọn náà ló sì ń pinnu irú ilé tí èèyàn lè kọ́ sórí ilẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ará ìlú mọ̀ wọ́n sí jù ni èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ́fíìsì ládùúgbò, ó sì ní òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́. Òótọ́ ni pé láti ọdún 1999 ni ará Chicago ti lè tẹ 311 lórí fóònù láti fi ẹjọ́ kòtò ojú títì tàbí ìdọ̀tí sùn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé ẹni tí kánsẹ́lọ̀ bá bá dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń tètè rí ìdáhùn. Kódà, títí di ọdún 2013, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò bí ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí yóò ṣe máa rìn nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni ìjọba ìlú yí i padà, tí wọ́n fi òpópónà pín iṣẹ́ náà dípò ààlà wọ́ọ̀dù, kí ìnáwó lè dín kù.

Owó tún wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ya owó kan sọ́tọ̀ fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan láti fi tún ọ̀nà, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti iná ojú pópó ṣe. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, owó náà ti tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là fún wọ́ọ̀dù kan. Owó menu ni wọ́n ń pè é, nítorí ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọ ilé oúnjẹ: ìjọba ìlú yóò to iṣẹ́ àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná wọn sílẹ̀, kánsẹ́lọ̀ yóò sì yan èyí tó bá fẹ́. Òpópónà wo ni yóò kọ́kọ́ rí ọ̀dà? Iwájú ilé-ẹ̀kọ́ wo ni wọn yóò ri iná sí? Ẹnì kan ló ń dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí fún 55,000 èèyàn.

Àṣẹ tó dùn, tó sì léwu

Ohun tó sọ kánsẹ́lọ̀ Chicago di ọba kékeré ni àṣà kan tó ti pẹ́ nílùú náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan wọ́ọ̀dù ẹnì kan, àwọn 49 yòókù kì í sábà ta kò ó. Bó bá ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, wọn yóò fọwọ́ sí i. Bó bá ní kí wọ́n dá a dúró, yóò dúró. Ẹni tó fẹ́ na pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sójú ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ gbé tábìlì oúnjẹ síta, ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbi tí ilé kékeré wà, gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹnu kan ló ní ọ̀rọ̀ náà.

Àṣà yìí ní oore tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé àdúgbò ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, kánsẹ́lọ̀ tó bá sì ń gbọ́ ti àwọn èèyàn rẹ̀ lè gbà wọ́n lọ́wọ́ olówó tó fẹ́ kọ́ ohun tí kò yẹ sáàárín wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí àṣẹ bá ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan, rìbá kì í jìnnà síbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970, ó ju 30 kánsẹ́lọ̀ Chicago lọ, àwọn tó wà nípò àti àwọn tó ti kúrò, tí kóòtù ti dá lẹ́bi ìwà ọ̀daràn.

Èyí tó gbòde jù lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ti Edward Burke. Ọdún 1969 ló dé ipò kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù 14, ìyẹn wọ́ọ̀dù tí bàbá rẹ̀ ti ṣojú fún kó tó kú, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di oṣù Karùn-ún, ọdún 2023. Ọdún 54 gbáko nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó ìlú, ó sì ní ilé-iṣẹ́ amòfin tirẹ̀ tó ń bá àwọn èèyàn gbẹjọ́ kí owó orí ilé wọn lè dín kù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé nígbà tí àwọn tó ni ilé oúnjẹ kan ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ fẹ́ tún un kọ́, ó dá ìwé àṣẹ ojú ọ̀nà tí mọ́tò máa gbà wọlé dúró, kí wọ́n lè gbé iṣẹ́ owó orí wọn fún ilé-iṣẹ́ amòfin rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2023, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá a lẹ́bi lórí 13 nínú ẹ̀sùn 14. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2024, adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì, ó sì ní kó san mílíọ̀nù méjì dọ́là owó ìtanràn.

Rìbá nìkan kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ilé gbígbé gbé ẹ̀sùn lọ bá ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2018 pé àwọn kánsẹ́lọ̀ kan ń lo àṣẹ yìí láti lé ilé tí tálákà lè san owó rẹ̀ kúrò ní wọ́ọ̀dù àwọn aláwọ̀ funfun. Lọ́dún 2023, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé gbígbé kọ̀wé pé òótọ́ ni àṣà náà ń fi ẹ̀tọ́ du àwọn aláwọ̀ dúdú àtàwọn tó wá láti Látìn Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà náà, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Lightfoot ní ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 2019, ó ti buwọ́ lùwé pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú má ṣe máa dúró de àṣẹ kánsẹ́lọ̀ mọ́ kí wọ́n tó fúnni níwèé àṣẹ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ lílo ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ aṣòfin, ibẹ̀ sì ni agbára tó pọ̀ jù wà.

Yìnyín gba ìjọba lọ́wọ́ méyọ̀

Àwọn tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti pàǹtí kéré jù láti gba ipò lọ́wọ́ èèyàn, kí wọ́n bi Chicago léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1979. Michael Bilandic ni méyọ̀ nígbà náà. Òun ni wọ́n fi rọ́pò Richard J. Daley, ẹni tó jọba lé ìlú náà lórí láti ọdún 1955 títí tó fi kú lọ́dún 1976. Ní ọjọ́ 13 àti 14, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1979, yìnyín tó jìn tó nǹkan bíi 20 íńṣì rọ̀ lé èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà dí, pàǹtí kò ṣeé kó, mọ́tò rì sínú yìnyín. Méyọ̀ ní àwọn ti kó yìnyín kúrò ní àwọn ibi ìgbọ́kọ̀sí, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn débẹ̀, yìnyín ni wọ́n bá.

Èyí tó dun àwọn aláwọ̀ dúdú jù ni pé nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ìlú kò tó, wọ́n ní kó máa kọjá àwọn ibùdókọ̀ kan ládùúgbò wọn láìdúró, kó lè tètè gbé àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Àwọn èèyàn dúró nínú òtútù, ojú wọn ni ọkọ̀ ṣe kọjá lọ. Wọn kò gbàgbé. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún náà, Jane Byrne fẹ̀yìn Bilandic balẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ Chicago. Láti ìgbà yẹn, kò sí méyọ̀ kan níbẹ̀ tó ń fi ọ̀rọ̀ yìnyín ṣeré.

Ìjà 29 sí 21

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ará Chicago tún rí i pé méyọ̀ nìkan kọ́ ni ìjọba. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 1983, Harold Washington wọlé gẹ́gẹ́ bíi méyọ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nílùú náà. Inú àwọn èèyàn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kánsẹ́lọ̀ 29, tí Edward Vrdolyak àti Burke tí a sọ lẹ́ẹ̀kan léwájú wọn, dìtẹ̀ mọ́ ọn. Kánsẹ́lọ̀ 21 péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn 29 yìí gba gbogbo ipò alága ìgbìmọ̀, wọ́n sì ń dá àwọn tó bá yàn sípò dúró. Ohun tó gba Washington sílẹ̀ ni pé ó lè kọ òfin tí wọ́n bá ṣe, ìbò 34 ni wọ́n sì nílò kí wọ́n tó lè borí ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá ṣe é: méyọ̀ kò rí tirẹ̀ ṣe, àwọn náà kò rí tiwọn ṣe.

Ibi tí ìjà náà ti yanjú ni ààlà wọ́ọ̀dù. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n tún àwọn ààlà kan fà, nítorí pé èyí tó wà nílẹ̀ ń rẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú àtàwọn tó ti Látìn Amẹ́ríkà wá jẹ. Wọ́n tún ìdìbò ṣe ní wọ́ọ̀dù méje lọ́dún 1986, ìgbìmọ̀ sì di 25 sí 25, tí ìbò méyọ̀ fúnra rẹ̀ wá ń dá ọ̀rọ̀ tó bá dọ́gba. Washington tún wọlé lọ́dún 1987, àmọ́ ikú mú un lọ lójijì nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá, ọdún náà.

Ìdí nìyí tí ìjà fi máa ń gbóná bí wọ́n bá fẹ́ fa ààlà lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Nínú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, pẹ̀lú ìbò 43 sí 7, wọ́ọ̀dù 16 ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù, 14 ni ti àwọn tó ti Látìn Amẹ́ríkà wá, wọ́ọ̀dù 11 sì di àkọ́kọ́ tí àwọn tó ṣẹ̀ láti Éṣíà ti pọ̀ jù lọ. Ẹni tí wọ́n bá kà ni wọ́n ń fún ní wọ́ọ̀dù.

Nígbà tí wọ́n bá dákẹ́

Bí ìjà ṣe lè dá ìlú dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdákẹ́jẹ́ lè tà á lọ́pọ̀. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2008, Méyọ̀ Richard M. Daley, ọmọ Daley àkọ́kọ́, gbé àbá kan wá pé kí wọ́n fi nǹkan bíi 36,000 ẹ̀rọ tó ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì háyà fún àwọn oníṣòwò fún ọdún 75, lórí bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 150 dọ́là. Ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn kánsẹ́lọ̀ fi rí ìwé náà kí wọ́n tó dìbò. Ogójì fọwọ́ sí i, márùn-ún péré ló kọ̀. Lọ́dún 2009, olùyẹ̀wò àgbà ìlú náà sọ pé iye tó yẹ kí ìlú gbà fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 974 dọ́là ju iye tí wọ́n gbà lọ. Awakọ̀ rí i pé owó ìgbọ́kọ̀sí ga sókè, bí ìlú bá sì fẹ́ ti òpópónà kan fún àríyá, ó lè di dandan kó san owó fún ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn tí wọn kò tíì bí lọ́dún 2008 ni yóò san gbèsè yìí tán.

Ẹ̀kọ́ náà kò lọ lásán. Nígbà tí Méyọ̀ Johnson fẹ́ fi mílíọ̀nù 300 dọ́là kún owó orí ilé lọ́dún 2024, gbogbo kánsẹ́lọ̀ 50 ló dìbò ta kò ó ní ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá. Fóònù àwọn onílé kò jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ilẹ̀kùn tó ṣí fún àlejò

Ìbéèrè tó kù ni pé níbo ni ọmọ Yorùbá tí kò tíì di ọmọ onílùú wà nínú gbogbo èyí? Òfin kò gba ẹni tí kò jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà láàyè láti dìbò yan méyọ̀ tàbí kánsẹ́lọ̀ ní Chicago. Bákan náà, ìwà ọ̀daràn ni kó dìbò níbi tí wọ́n ti ń yan ààrẹ tàbí aṣòfin ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì lè torí rẹ̀ lé e kúrò nílùú. Ẹni tó lọ gba ìwé ìwakọ̀ ní láti ka ohun tí wọ́n bá gbé fún un dáadáa, kó má lọ fọwọ́ sí ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mìíràn wà, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀. Èkíní ni ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Òfin ọdún 1988 ló dá a sílẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ dìbò sí i lọ́dún 1989. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Chicago, òbí mẹ́fà, ará àdúgbò méjì, olùkọ́ méjì, òṣìṣẹ́ kan tí kì í ṣe olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló ń jókòó níbẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, akẹ́kọ̀ọ́ náà ń wà níbẹ̀. Àwọn ló ń yan ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ló sì ń fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe máa ná owó ibẹ̀. Ọdún méjì méjì ni ìdìbò rẹ̀, kò sì di ìgbà tí òbí bá di ọmọ Amẹ́ríkà kó tó dìbò tàbí kó tó dupò níbẹ̀. Ìyá tó dé láti Ìbàdàn, tí ọmọ rẹ̀ wà nílé-ẹ̀kọ́ náà, ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n bí sí Chicago.

Èkejì ni ìnáwó wọ́ọ̀dù. Lọ́dún 2009, Joe Moore, kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù 49 ní Rogers Park, pinnu pé òun kò ní í dá pín owó menu mọ́, pé àwọn ará wọ́ọ̀dù ni yóò dìbò lórí rẹ̀. Wọ́ọ̀dù yẹn ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 16, tó sì ń gbé wọ́ọ̀dù náà, ló lè dìbò, wọn kì í sì béèrè ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn wọ́ọ̀dù mìíràn tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ẹ̀kẹta ni ìpàdé àdúgbò pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ níbẹ̀.

Fún àwọn tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti pọ̀ sí i. Ní oṣù Kejì, ọdún 2023, wọ́n kọ́kọ́ dìbò yan àwọn ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá: èèyàn mẹ́ta mẹ́ta ní ẹkùn ọlọ́pàá 22, ìyẹn èèyàn 66. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, wọ́n dìbò yan mẹ́wàá nínú ọmọ ìgbìmọ̀ 21 tó ń darí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, méyọ̀ ló sì yan àwọn 11 yòókù. Òfin là á kalẹ̀ pé láti oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2027, àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni gbogbo 21 yóò jẹ́. Ìdìbò méyọ̀ àti kánsẹ́lọ̀ tó tẹ̀ lé ti 2023 sì bọ́ sí oṣù Kejì, ọdún 2027 kan náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí kò sí nílé ni ewúrẹ́ ilé rẹ̀ ń bí ọ̀kan ṣoṣo. Ní wọ́ọ̀dù tí èèyàn 55,000 wà, tí àwọn tó ń jáde dìbò kò sì tó ìdajì wọn, ìwọ̀nba ìdílé tó bá mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ wọn, tí wọ́n ń lọ sípàdé, tí wọ́n sì ń béèrè bí wọ́n ṣe ná owó, tó nǹkan kan. Àwọn tí ọkọ̀ ojú irin kọjá lójú wọn lọ́dún 1979 kò ní owó, wọn kò ní gbajúmọ̀ lẹ́yìn. Ìbò ni wọ́n ní, wọ́n sì lò ó.